Òórùn Èéfín Tó Wà Nínú Ìgò Bàbá

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni Bàbá pe àbúrò wọn ní olè. Mò ń bọ̀ láti ilé ìwòsàn kékeré tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́ sí Makun-Omi, níbi tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ni mo gbọ́ ohùn wọn láti ẹ̀bá omi. Ẹ̀rù bà mí, nítorí ohùn Bàbá kì í ròkè. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn ní láti sún mọ́ wọn.

"Ògógóró ni! Ògógóró tí wọ́n da tíì sí! Ẹ wá wo ohun tí ọmọ ìyá mi ṣe fún mi!"

Mo sáré dé iwájú ilé. Bàbá dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìgò wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, ife kékeré wà lọ́wọ́ òsì. Ìyá Kékeré wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ààrò tí wọ́n ti ń yan ẹja, ọwọ́ wọn kún fún òróró ẹja, ẹnu wọn là sílẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti ń dúró wò. Ẹnì kan ti ń rẹ́rìn-ín, torí gbogbo ìlú ló mọ̀ pé aláṣọ funfun ni Ìyá Kékeré nínú ìjọ Aládùúrà. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ra ògógóró!

"Bọ̀ọ̀dá mi, mi ò fọwọ́ kàn án," ni Ìyá Kékeré ń sọ. "Mo fi Ọlọ́run tí mò ń sìn búra, mi ò fọwọ́ kàn án."

"O ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé wàá dà á sínú ọ̀sà. O ti ṣe é báyìí. Ṣé inú ẹ ti dùn?"

Mo ní láti sọ irú ẹni tí àwọn méjèèjì jẹ́. Bàbá ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Ìyá Kékeré sì ni àbúrò ìyá mi. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ Makun-Omi. Ìyá mi fẹ́ Mùsùlùmí aláṣọ kan ní Àgọ́-Ìwòyè, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti kéwú, ibẹ̀ ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Nígbà tí ìjọba gbé mi wá sí etí omi, ìyá mi ní kò sí ibi tí mo máa gbé ju ilé àwọn ẹbí òun lọ. Yorùbá Ìjẹ̀bú etí omi ni wọ́n ń sọ nínú ilé náà, tí mo bá sì fi ti ilé ìwé dá wọn lóhùn, wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Ti ilé ìwé náà ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ níbí.

Bàbá kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí wọ́n bá ọkọ̀ òkun lọ láti Èkó. Àìsàn dá wọn dúró sí èbúté kan ní Skọ́tílándì, ọkọ̀ wọn kò sì dúró dè wọ́n. Nígbà tí ara wọn yá, ẹnì kan mú wọn lọ sí erékùṣù kan níbi tí wọ́n ti ń ṣe wisikí, pé wọ́n ń wá alágbára tí yóò máa fi ṣọ́bìrì yí ọkà báálì, tí yóò sì máa tọ́jú iná. Bàbá ní oṣù mẹ́ta péré ni àwọn rò pé àwọn máa lò. Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n lò. Wọ́n fẹ́ obìnrin kan níbẹ̀, opó apẹja. Kò bímọ fún wọn. Nígbà tí obìnrin náà kú, wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé, wọ́n sì wá sílé pẹ̀lú àpótí onígi kan. Ìgò wisikí mẹ́fà ló wà nínú àpótí náà, ẹ̀bùn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn níbi iṣẹ́ fún wọn.

Nígbà tí mo dé ilé yẹn, ìgò márùn-ún ti tán, ìkẹfà ti dé ìdajì. Ìdérí ìgò kan ni Bàbá ń mu lọ́sẹ̀. Wọ́n á kán omi díẹ̀ sí i, wọ́n á gbé e sí imú, á sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe ń pẹ́ ní ẹnu wọn lọ. Wọn kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nígbà náà. Tí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń rò, wọ́n á ní, "Mi ò ro nǹkan kan. Mo wà níbẹ̀ ni."

Ní àsìkò òjò ọdún yẹn, ibà pẹ̀lú òtútù dá wọn dùbúlẹ̀. Èmi ni mo tọ́jú wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n lò lórí ibùsùn. Nígbà tí wọ́n dìde, oúnjẹ kò wù wọ́n. Ìyá Kékeré se ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn jù láyé, wọ́n jẹ ṣíbí mẹ́ta, wọ́n sì tì í sẹ́yìn. A rò pé àìsàn ni kò tíì kúrò lára tán. Ọjọ́ Sátidé yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí ìgò wọn láti ìgbà àìsàn náà.

Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ wọn. N kò tíì gbé e dé imú tí òórùn rẹ̀ fi kọlù mí. Èéfín ni, èéfín tó nípọn, bí ẹni pé wọ́n dáná sínú ìgò, tí wọ́n sì dé e mọ́ ibẹ̀. Ohun tó wà nínú ìgò yẹn kì í ṣe ògógóró. Mo mọ òórùn ògógóró dáadáa. Àwọn tó ń sè é pọ̀ nínú igbó ògùrọ̀ tó wà lẹ́yìn ìlú, ọ̀pọ̀ wọn ni mo sì ti wẹ egbò iná fún.

Mo wo Bàbá. Wọ́n ń wò mí pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tó ń retí ẹlẹ́rìí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jókòó ná," ni mo wí. "Ẹ dijú."

Mo mú áyódíìnì tí a fi ń wẹ egbò jáde nínú báàgì mi, mo ṣí i, mo sì gbé e sí abẹ́ imú wọn.

"Kí ni ẹ ń gbọ́?"

"Kí lo gbé síbẹ̀? Omi?"

Mo gbé àlùbọ́sà tí mo là sí méjì síbẹ̀. Mo gbé ìgò kẹrosíìnì síbẹ̀. Ìyá Kékeré, tí ọ̀rọ̀ náà ti ń yé díẹ̀díẹ̀, dìde, wọ́n mú ẹja kan tó gbóná lórí ààrò, wọ́n sì gbé e sún mọ́ ẹ̀gbọ́n wọn. Bàbá kàn ń mí sókè, wọ́n ń mí sílẹ̀, ojú wọn ṣì wà ní dídì.

"Ẹ ò tíì gbé nǹkan kan síbẹ̀," ni wọ́n wí.

Nígbà tí wọ́n la ojú, wọ́n rí ẹja. Wọ́n rí àlùbọ́sà. Wọ́n rí ìgò áyódíìnì lọ́wọ́ mi. Wọ́n gba ìgò náà, wọ́n tẹ imú bọ ẹnu rẹ̀ títí tí áyódíìnì fi kùn wọ́n ní imú bí ọ̀dà. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn ará àdúgbò ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Bàbá dìde, wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ fún àbúrò wọn. Ìyá Kékeré pariwo, wọ́n sáré dì wọ́n mú ní apá méjèèjì.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ má ṣe mí bẹ́ẹ̀."

"Mo pè ọ́ ní olè lójú ìlú."

"Ẹ ò mọ̀ ni."

Mo dúró láàárín wọn, báàgì mi ṣì wà ní ṣíṣí nílẹ̀. Gbogbo oògùn tí ìjọba fún mi ló wà nínú rẹ̀. Kò sí èyí tí mo lè nawọ́ sí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo mú Bàbá lọ rí dókítà kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọkọ̀ ojú omi gbé wa dé ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀, lọ́rì sì gbé wa dé ìyókù. Nígbà tí a wọ Ìjẹ̀bú-Igbó, a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Pákó tútù kún ibẹ̀, èérún rẹ̀ ń fò nínú afẹ́fẹ́, ó ń bà lé wa lórí.

"Igi yìí ń rùn, àbí?" ni Bàbá bi mí.

"Ó ń rùn, Bàbá."

"Ó máa ń rùn dáadáa, igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là." Wọ́n gbọn èérún pákó kúrò ní èjìká wọn. A rìn lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọmọ Yorùbá ni dókítà náà, ó sì fara balẹ̀ fún wa. Ó wo imú Bàbá pẹ̀lú iná, ó bi wọ́n ní ìbéèrè púpọ̀. Nígbà tó parí, èmi ló kọjú sí, bóyá torí aṣọ nọ́ọ̀sì tó wà lọ́rùn mi.

"Iṣan tó ń gbé òórùn lọ sí ọpọlọ ti bàjẹ́," ni ó wí. "Àìsàn yẹn ló bà á jẹ́. Nígbà mìíràn ó máa ń padà fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ orí wọn, n kò ní fi dá yín lójú. Mi ò sì ní oògùn rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní in."

"Kódà ní ìlú òyìnbó?" ni Bàbá bèèrè.

"Kódà níbẹ̀, Bàbá. Ẹ máà bínú."

A sùn ní Àgọ́-Ìwòyè lọ́dọ̀ àwọn òbí mi, a sì padà sí etí omi lọ́jọ́ kejì. Inú ọkọ̀ ojú omi ni Bàbá ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n ṣe.

"Ìwọ ni wàá máa bá mi gbóòórùn rẹ̀. Wàá máa sọ fún mi."

Mo rò pé ohun kékeré ni. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, tí Ìyá Kékeré bá ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, a máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá á bu ìdérí kan, wọ́n á kán omi sí i, wọ́n á nawọ́ rẹ̀ sí mi. Wọ́n á wá máa wo ẹnu mi.

"Ó ń rùn bí èéfín," ni mo sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Èéfín wo?"

Èéfín ni èéfín lójú tèmi. Nítorí náà Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Wọ́n ní ní erékùṣù yẹn, igi kò tó nǹkan, ilẹ̀ ni wọ́n fi ń dáná.

"Ilẹ̀ báwo, Bàbá?"

"Ilẹ̀ àbàtà. Koríko tó ti ń jẹrà sínú omi láti ayé àwọn baba ńlá wọn, òun ló di ilẹ̀ dúdú. Wọ́n á fi ọkọ́ ẹlẹ́nu gígùn gé e bí ẹni gé búrẹ́dì, wọ́n á tò ó sí gbangba kí afẹ́fẹ́ gbẹ ẹ́. Tí iná bá ràn án, kì í jó lala bí igi. Ó kàn máa ń rú èéfín ni. Èéfín yẹn ni a máa ń darí sí abẹ́ ọkà tí a ti rẹ sínú omi títí tó fi hù. Èmi ni mò ń yí ọkà yẹn, èmi ni mò ń kó ilẹ̀ sínú iná. Tí mo bá dé ilé, ìyàwó mi á ní kí n bọ́ aṣọ síta kí n tó wọlé."

Wọ́n sọ bí wọ́n ti ń lọ ọkà náà, bí wọ́n ti ń rẹ ẹ́ títí tó fi ń hó, bí wọ́n ti ń sè é lẹ́ẹ̀mejì nínú ìkòkò bàbà tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí ooru rẹ̀ á sì di ọtí tó mọ́ gaara bí omi òjò.

"Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyẹn," ni wọ́n wí. "Iná ti sè é, ó ti di ooru, ó ti tún padà di omi, àmọ́ èéfín kò jáde nínú rẹ̀. O lè wo inú ife kí o má rí nǹkan kan. Èéfín wà níbẹ̀." Wọ́n ní wọ́n á wá rọ ọ́ sínú àgbá igi, á sì wà nínú ilé kan tí òkun ń gbá ògiri rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí àwọ̀ igi fi máa wọ̀ ọ́ lára. Wọn kì í pò ó mọ́ ti ilé iṣẹ́ ọtí mìíràn. Ilé tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló ń parí rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ní, "Ó ń rùn bí èéfín ilẹ̀ àbàtà."

Bàbá gbọn orí. "Ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn. Má fi ọ̀rọ̀ mi dá mi lóhùn."

Mo gbìyànjú. Ọlọ́run mọ̀ pé mo gbìyànjú. Mo ní ó ń rùn bí ilé ìwòsàn, bí báńdéèjì tó ti ní áyódíìnì lára, ìyẹn sì mú wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀; wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀, ibì kan tí ewéko inú òkun ti ń gbẹ ni ìyẹn ti wá. Mo ní ó ń rùn bí okùn àwọ̀n tó ti pẹ́ nínú omi. Wọ́n ní ó kù díẹ̀. Mo máa ń rí i lójú wọn bí ọ̀rọ̀ mi ti ń sún mọ́ ibì kan, tí á sì tún gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo ti gbẹ̀bí fún àwọn obìnrin tí ọmọ fẹ́ pa, ẹ̀rù kò bà mí. Ìdérí ìgò kan ṣoṣo ló ń dẹ́rù bà mí ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi.

Lọ́jọ́ kan Bàbá ní, "Imú kò tó. Fi kan ahọ́n."

"Bàbá, Mùsùlùmí ni mí."

"Mo mọ̀. Ẹ̀kán kan ni. Kì í ṣe fún fàájì."

Mo wo ohun tó wà nínú ìdérí náà, tó pọ́n bí oyin. Mo rántí bàbá mi tó jókòó lórí bùùsù ìkírun rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè pẹ̀lú tẹ̀sùbáà. Mo rántí pé mo ti ṣèlérí nígbà tí mò ń lọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, pé ayé kò ní yí mi padà.

"Ẹ máà bínú, Bàbá. Mi ò lè ṣe é."

"Kò burú," ni wọ́n wí. Wọ́n da ohun tó wà nínú ìdérí padà sínú ìgò, ọwọ́ wọn gún, ẹ̀kán kan kò ṣòfò. Wọn kò bẹ̀ mí lórí ẹ̀ mọ́ láé. Mo ti rò ó títí di òní bóyá ohun tó tọ́ ni mo ṣe. Ní ọjọ́ kan mo máa ní bẹ́ẹ̀ ni, ní ọjọ́ kejì mo máa ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ohun tó burú jù ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn. Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn, iṣẹ́ ti pọ̀ ní ilé ìwòsàn. Bàbá nawọ́ ìdérí sí mi, n kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Mo ṣáà la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Ó ń rùn bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó, Bàbá. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó pọ́n."

Irọ́ gbuu ni. Mo dúró kí wọ́n bá mi wí.

Bàbá dijú. Wọ́n mi orí díẹ̀díẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni," ni wọ́n wí. "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo rántí. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó."

Títí di ọjọ́ yẹn, mo rò pé imú nìkan ló kú, pé òórùn náà ṣì wà nínú orí wọn lódindi, tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rọ̀ mi. Mo wá rí i pé òun náà ti ń lọ, ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tí mo bá sì sọ ni wọ́n máa gbà. Mo bú sẹ́kún. Wọ́n bi mí pé kí ló dé, mo ní orí ló ń fọ́ mi.

Ìyá Kékeré ló rí mi lẹ́yìn ilé, níbi tí mo ti ń sunkún. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àti bí Bàbá ti ní àwọn rántí. Wọ́n lọ sídìí ìkòkò omi, wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, wọ́n sì fi omi fọ ẹnu. Aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fa àpótí kan, wọ́n jókòó síwájú ẹ̀gbọ́n wọn.

"Ẹ bù ú wá," ni wọ́n wí.

Bàbá wò wọ́n. "Ìwọ?"

"Èmi. Ẹ bù ú kó tó kan ahọ́n dáadáa."

Bàbá bu ìdérí kan. Ìyá Kékeré gbé e sẹ́nu, wọ́n dijú. Wọ́n wúkọ́, omi jáde lójú wọn, wọ́n nawọ́ sókè pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Láti ìgbà èwe wọn ni wọ́n ti ń yan ẹja. Tí ẹ bá gbé ẹja yíyan wá láti abúlé mẹ́ta, wọ́n á sọ igi tí wọ́n fi yan ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò rántí ìyẹn rí títí di ìṣẹ́jú yẹn.

"Ó ta mí ní ahọ́n ná," ni wọ́n wí. "Èéfín wá dé lẹ́yìn ìyẹn. Kì í ṣe èéfín igi. Kì í ṣe èéfín èèpo àgbọn. Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ rántí ọdún tí ọ̀dá dá, tí iná wọ inú àbàtà lẹ́yìn ilé bàbá wa? Tí ilẹ̀ ń jó lábẹ́, tí a ò rí ahọ́n iná, tí ìyá wa ní ká má rìn débẹ̀? Tí òjò wá rọ̀ sí i lọ́jọ́ kẹjọ?"

Bàbá sún mọ́ wọn.

"Èéfín yẹn ni. Èyí tó dìde lẹ́yìn òjò. Iyọ̀ wá tẹ̀ lé e, irú iyọ̀ tó máa ń wà nínú omi wa ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òkun bá ti wọlé. Ohun dídùn kan wá wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kò fẹ́ jáde. Bí àgbàdo sísun tí ẹ ti jẹ tán, tí ẹ ṣì ń fi ahọ́n wá a káàkiri eyín." Wọ́n fọwọ́ kan ọ̀nà ọ̀fun. "Kò tíì lọ. Ó ṣì wà níbí."

Omi ti ń dà lójú Bàbá. "Àbàtà bàbá wa," ni wọ́n wí. "Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ yẹn, mo ní mo mọ òórùn yìí. Gbogbo wọn fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní níbo ni èèyàn dúdú ti máa mọ̀ ọ́n? Èmi náà kò rántí ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Oṣù mẹ́ta ni mo fẹ́ lò."

Wọ́n gbé ìgò náà sí imú. Wọ́n mí sínú títí tí àyà wọn fi gbòòrò. A dúró, èmi àti Ìyá Kékeré. Mo gbàdúrà lọ́kàn mi. Ìyá Kékeré ń jẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́, mo mọ̀ pé àwọn náà ń gbàdúrà.

Bàbá gbé ìgò náà sílẹ̀.

"Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ."

Ìyá Kékeré kò fi ohun tí wọ́n ṣe pamọ́ fún ìjọ wọn. Fúnra wọn ni wọ́n lọ sọ ọ́, níwájú àwọn àgbà ìjọ. Àwọn àgbà náà ní kí Ìyá Kékeré má wọ aṣọ funfun fún ọjọ́ Ìsinmi méje, kí wọ́n sì máa jókòó síta. Wọn kò jiyàn. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, wọ́n ró ìró aláró, wọ́n gbé àpótí wọn lọ sẹ́bàá ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá, tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kankan, gbé àga tiwọn tẹ̀ lé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe jókòó síta lábẹ́ fèrèsé, tí orin ń bá wọn láti inú, ní ọjọ́ Ìsinmi kìíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin.

Kí ìkarùn-ún tó pé, òtútù àyà mú Bàbá. Mo fún wọn ní abẹ́rẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo fi ìrọ̀rí gbé ẹ̀yìn wọn sókè kí wọ́n lè mí. Mo ránṣẹ́ sí dókítà, ó ní ohun tí mò ń ṣe náà ni òun ì bá ṣe. Ọjọ́ kẹta, Bàbá nawọ́ sí Ìyá Kékeré.

"Sọ ọ́ fún mi."

Ìyá Kékeré sọ ọ́: àbàtà, òjò, iyọ̀, àgbàdo sísun. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n ní àkókò yìí, ọ̀rọ̀ lásán ni, bí ìgbà tí ọmọ ilé ìwé bá ń ka àkọ́sórí, Ìyá Kékeré fúnra wọn sì mọ̀ ọ́n. Mo rí i bí wọ́n ti ń wá adùn náà kiri lórí ahọ́n wọn. Bàbá ń mi orí sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. N kò mọ ohun tí wọ́n gbọ́.

Bàbá kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn ọkọ̀ ọlọ́jà tó gbéra. Ìyá mi wá láti Àgọ́-Ìwòyè láti ṣọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n gbá ilé, wọ́n sá aṣọ, wọ́n to gbogbo nǹkan. Wọ́n rí ìgò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, wọ́n da ohun tó kù nínú rẹ̀ nù sẹ́yìnkùlé, wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, wọ́n sì rọ epo pupa sínú rẹ̀ fún ìlò àwọn àlejò. Kò sẹ́ni tó sọ ìtàn ìgò náà fún wọn. Nígbà tí mo rí i, ìgò ti wà nínú ilé ìdáná. Mo padà síta.

Ìyá Kékeré parí ọjọ́ Ìsinmi méje wọn. Wọ́n padà wọ aṣọ funfun, wọ́n padà sínú ṣọ́ọ̀ṣì, sí ìjókòó wọn àtijọ́.

Kí ọdún náà tó parí, ìwé dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba pé kí n lọ máa ṣiṣẹ́ ní Òrù. Ìyá Kékeré sìn mí dé etí omi. Wọ́n ti di ẹja sínú apẹ̀rẹ̀ fún mi àti fún ìyá mi. Nígbà tí ọlọ́kọ̀ ti gbé ẹrù mi wọlé, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Ìwọ gbóòórùn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ohun tí mo sọ fún bọ̀ọ̀dá mi lọ́jọ́ yẹn, ṣé bó ṣe rí gan-an nìyẹn? Àbí torí pé mo fẹ́ fún wọn ní nǹkan ni mo ṣe rí àbàtà yẹn níbẹ̀? Mo rò ó, mo rò ó. N kò mọ̀ mọ́."

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu mi ti fẹ́ là. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì bí mi lọ́dún tí àbàtà yẹn jó, n kò sì fi ahọ́n kan ọtí náà rí.

"Mi ò mọ̀, Ìyá Kékeré," ni mo wí.

Wọ́n mi orí. Wọ́n tún gèlè mi ṣe, wọ́n ní kí n kí ìyá mi, kí n sì máa jẹun dáadáa. Ọlọ́kọ̀ ní omi ti ń fà, a gbọ́dọ̀ máa lọ. Mo wọ inú ọkọ̀, mo jókòó sáàárín ẹrù, wọ́n sì ti ọkọ̀ kúrò létí omi.